Ológbò Inú Igbó àti Ilẹ̀ Tí Ó Ń Rìn

Ẹranko kan tí ènìyàn lè ṣì mú fún ológbò ilé ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: ológbò inú igbó. Kì í ṣe ẹtà ni mo ń wí o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ti ológbò ilé lọ, ẹ̀yìn etí rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ sì dúdú. Ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń wà láàrin kìló 3 sí 6. Láti ara irú rẹ̀ ni ológbò ilé ti ṣẹ̀.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó fẹ́ràn. Kì í gbé inú igbó kìjikìji. Nǹkan méjì ni ó ń wá: eku tí yóò jẹ, àti ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí etí oko fi bá a lára mu. Eku wà nínú àgbàdo, igbó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án yóò sùn sínú ihò tí ẹranko mìíràn gbẹ́ tàbí sábẹ́ koríko ṣíṣù. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò jáde. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n tẹ̀lé e ní aṣálẹ̀ Kalahari ní gúúsù Áfíríkà rí i pé eku ni ó ń jẹ jù lọ.

Kì í rìn káàkiri bí aláìnílé. Yóò tọ̀ sára igi àti koríko etí ọ̀nà, yóò fi èékánná ha èèpo igi, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè mọ̀ pé ẹnìkan ti wà lórí ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ akọ máa ń fẹ̀ ju ti abo lọ, ó sì lè kan ilẹ̀ abo méjì tàbí mẹ́ta. Níbi tí eku bá pọ̀, ilẹ̀ kékeré tó o. Níbi tí eku bá wọ́n, yóò rìn jìnnà. Bí èyí tí ó ni ilẹ̀ bá kú, òmíràn lè wá gbà á.

Ní abúlé kan tí mo máa ń bẹ̀ wò, bàbá kan dẹ tàkúté pa ológbò tí ó ń kó wọn ládìẹ. Kò tó oṣù méjì tí òmíràn dé. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé, “Ọ̀gá, ẹ wá o, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán.” Mo débẹ̀. Àgbàdo fọ́n káàkiri abẹ́ àká, ihò eku kò lóǹkà, igbó dé ẹ̀yìn ilé, adìẹ sì ń sùn lórí igi ọsàn. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, ẹ̀yin gan-an lẹ ń pè é wá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú wọn kò dùn.

Ẹ má ṣe fi oògùn eku sínú ẹja fún un. Ajá yín lè jẹ ẹ́, ọmọdé lè fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì ṣe sun gbogbo igbó etí oko. Ológbò yóò lọ, eku yóò sá wọlé, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni a ti ń kó ibà Lásà.

Igbó ẹ̀yìn ilé nìkan ni kí ẹ ro. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun oko. Ẹ gbá abẹ́ àká mọ́, ẹ sì kó adìẹ sínú ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá yẹn fi pákó àti wáyà kan ilé adìẹ tiwọn. Nígbà tí mo tún kọjá, ipasẹ̀ ológbò wà láàrin ebè iṣu lókèèrè, adìẹ wọn sì pé.