Ẹ Má Kó Àwọn Ọmọ Lọ Wòran

Ẹ̀yin sẹ́ẹ̀tì mi tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo ti rí yín. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní pólì, nítorí náà ẹ má retí pé kí n sọ̀rọ̀ bíi pásítọ̀.

Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ nípa ìwé tí àwọn èèyàn wa tó wà ní London àti Houston kọ sí ẹgbẹ́. Wọ́n ní tó bá di oṣù Kẹjọ ọdún tó ń bọ̀, àwọn máa kó ìdílé wọn wálé, kí àwa náà kó tiwa, ká jọ kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin lọ ṣe ìrànwọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà ló kọ mí lóminú: ilé ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ní ká lọ, kí àwọn ọmọ wa bá àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣeré, ká pín ìrẹsì àti aṣọ, ká ya fótò, ká máa bọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, 2010, ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n mú ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́wàá níbi tí wọ́n ti fẹ́ kó ọmọdé 33 gba bodè wọ Dominican Republic láìní ìwé àṣẹ. Wọ́n ní ọmọ òrukàn ni wọ́n. Nígbà tí àwọn oníròyìn wádìí, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ló ní òbí láàyè! Àwọn òbí ọ̀hún ló fi ọwọ́ ara wọn fa ọmọ kalẹ̀, torí wọ́n ṣèlérí ilé ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú fún wọn. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé iṣẹ́ àánú làwọn ń ṣe, ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí nìyẹn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Ibi tí àlejò olówó bá ti ń wá wo ọmọ òrukàn, ọmọ òrukàn kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó ni ilé náà á máa wá ọmọ kún ọmọ, á lọ bá tálákà ní abúlé pé kó gbé tiẹ̀ wá. Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Àlejò dé lónìí, wọ́n dì mọ́ ọn, ó lọ, òmíràn dé, òun náà tún lọ. Nínú oṣù Kejìlá 2019, Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi í sínú ìpinnu wọn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé pé kí ìjọba gbogbo dènà ìpalára tó ń wá látinú irú ìrànwọ́ yìí. Ẹ tiẹ̀ rò ó wò: bí òyìnbó kan tí ẹ ò mọ̀ rí bá wọ àgbàlá yín, tó gbé ọmọ yín lé ẹsẹ̀, tó ń ya fótò, ṣé ẹ ò ní pariwo?

Ṣé ká má lọ mọ́ ni? Rárá o. Àwọn ìdílé tó ń ṣe é bó ṣe yẹ wà. Ní 1978, Don Stephens àti Deyon ìyàwó rẹ̀ dá Mercy Ships sílẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ ọ́síbítù. Inú ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́, Anastasis, ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Dókítà Gary Parker tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá pé òun á lo oṣù díẹ̀. Ó lò ju 30 ọdún lọ. Inú ọkọ̀ ló ti rí ìyàwó fẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọmọ méjèèjì dàgbà. Ọkọ̀ wọn mìíràn, Africa Mercy, tó ti ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá omi ní Denmark tẹ́lẹ̀, gúnlẹ̀ sí Kútọnu nítòsí wa níbí ní 2016, ó sì wà níbẹ̀ wọ 2017. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ: kókó ńlá tó bo ojú èèyàn, ètè tó là, ojú tó ti funfun, ẹsẹ̀ ọmọdé tó wọ́.

Bí ìdílé ṣe ń gbé ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn kì í gba owó oṣù, wọ́n tún ń san owó oúnjẹ àti ibùsùn fúnra wọn, ì báà ṣe dókítà, kúùkù tàbí mẹkáníìkì. Ilé ẹ̀kọ́ wà nínú ọkọ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Bàbá ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ìyá ń pààrọ̀ báńdéèjì, ọmọ ń ṣe ìṣirò ní kíláàsì. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ ọdún mẹ́jọ wá gba aráyé là. Ó kàn ń rí àwọn òbí rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni.

Àwa náà ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ òyìnbó inú ọkọ̀ yẹn kò ní. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá ọmọ ìlú tó máa túmọ̀ èdè láàárín aláìsàn àti dókítà. Ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Sakété, èdè wa yìí ni wọ́n ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàgó ni àwọn kan ń pè é. Màmá àgbà láti Sábẹ̀ẹ́ lè má gbọ́ Faransé kankan, àmọ́ ó máa gbọ́ ti ẹ̀yin. (Ti àwọn ọmọ yín ní London ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn láti ìsinsìnyí o jàre.)

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà kù. Ní 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akinyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà dá Technical Aid Corps sílẹ̀, wọ́n ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì àti tíṣà wa lọ sí ilẹ̀ Áfíríkà, Caribbean àti Pacific. Ọdún méjì ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, tíṣà ò tíì mọ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ ilé ọmọ aláìlóbìí tì. Kí ẹni méjì nínú wa kọ́kọ́ lọ sí Kétu, kí wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn tíṣà ibẹ̀ léèrè ohun tí wọn ò ní, kí wọ́n sì fẹnu mọ́ ẹnu kí wọ́n lè gbọ́ èsì. Bí nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wá, kí àwọn nọ́ọ̀sì wa lọ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba Benin kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Bó bá sì jẹ́ owó ni wọ́n nílò, ẹ jọ̀ọ́, kí Houston jókòó sílé, kí wọ́n fi owó ọkọ̀ òfuurufú èèyàn márùn-ún ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí owó yẹn máa ṣe ní Kétu kì í ṣe kékeré.

Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn méjì yẹn lọ, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kó tó kúrò níbí lónìí. Bodè ECOWAS kò béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ wọ́n máa béèrè yẹ́lò káàdì. Ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ yín.