Tẹ́dì Ọmọ Tó Ṣàìsàn

Ọ̀rọ̀ kékeré la mú wá, àmọ́ ó ti kó wa sí wàhálà rí.

Ọmọ wa kan ń yàgbẹ́ gbuuru, ó ń bì, fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, a fọ aṣọ, a fọ bẹ́ẹ̀dì, a fi jíìkì nu ilẹ̀. Tẹ́dì rẹ̀ nìkan la gbàgbé. Kò pẹ́ tí àbúrò rẹ̀, tó máa ń ki etí tẹ́dì náà bọ ẹnu, fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. A ò lè búra pé tẹ́dì ló fà á, ṣùgbọ́n kòkòrò àìsàn yìí lè wà lára nǹkan fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi bébà nu ìdọ̀tí kúrò, ẹ má gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ sá a sóòrùn títí inú rẹ̀ á fi gbẹ. Fóòmù tó bá tutù máa ń bu. Ẹ má po jíìkì mọ́ ohun ìfọlé mìíràn o, èéfín rẹ̀ léwu.

Tó bá jẹ́ kúrúnà, èyí tó ń yún ọmọ lóru, tí bèbí náà ò ṣeé fọ̀, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ kan. Kòkòrò rẹ̀ kì í pẹ́ kú tí kò bá sí lára èèyàn. Ọmọ á sunkún tẹ́dì rẹ̀. Ẹ fún un ní abọ́ òfìfo àti síbí kó máa lù.