Àwọn Ọmọ Tí Ń Padà Lẹ́nu Ọ̀nà Yunifásítì



Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi ọdún kan múra sílẹ̀ de yunifásítì ni a fẹ́ bá yín sọ. Ní ayé àtijọ́, kíláàsì kẹfà ilé-ìwé girama ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọdún méjì sì ni. Ètò 6-3-3-4 ni ó mú un kúrò. Lóde òní, IJMB wà, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń darí. JUPEB sì dé ní ọdún 2014, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Yunifásítì Èkó. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ọmọ yóò kọ́. Bí ó bá yege dáadáa, yóò gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́wọ́ JAMB, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ yunifásítì láti ọdún kejì.

Ọ̀rọ̀ “mẹ́ta” yìí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ. Nínú ìdánwò JAMB, ọmọ a máa yan ìdáhùn kan nínú mẹ́rin. Níhìn-ín, ó ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àlàyé. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí ó bá sì mú ni ó ń pinnu iṣẹ́ tí yóò lè kọ́. Bàbá tí ó bá fi agídí ti ọmọ sínú Físíìsì àti Kẹ́místrì nítorí kí a lè máa pe òun ní bàbá dókítà (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa), kí ó má ṣe bi ọmọ léèrè ìdí tí ó fi sá kúrò.

Àwọn alágbàtà kan tún wà tí wọ́n ń sọ pé ẹni tí ó bá ti ṣe JUPEB kò nílò kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO mọ́. Irọ́ ni. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ wa tí a rí tí wọ́n fi í sílẹ̀ láàárín ọdún, àwọn tí òye kù fún kò pọ̀. Owó àkọ́kọ́ ni a máa ń fi ayẹyẹ san. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, owó ilé dé, owó oúnjẹ dé, owó ìdánwò sì tún ń bọ̀. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò káàdì, ó ń pa kíláàsì jẹ, ojú sì ń tì í láti kọ̀wé sílé.

Nítorí náà, a dábàá pé kí Ẹgbẹ́ pín owó ìrànwọ́ rẹ̀ sí méjì, kí ìdajì wà nílẹ̀ de oṣù kẹrin. Akọ̀wé sì ti ṣí ìwé kan sórí tábìlì: ẹnikẹ́ni tí ó bá ní iyàrá kan tí ọmọ lè sùn sí ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kí ó tó lọ jẹun.