Mí Kanlẹ̀ Ná Kí O Tó Dáhùn: Ohun Tí Qigong Ṣe Fún Mi ní Ìwéré-Ilé

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ọkàn tí kò balẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń yí padà, àti ìdárayá kan láti ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní Qigong. "Qi" ni èémí, agbára inú ara. "Gong" ni iṣẹ́ tí èèyàn fi sùúrù ṣe títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá kan ọmọ Ìwéré-Ilé nínú ọ̀rọ̀ Ṣáínà? Ní ìparí oṣù May 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 lítà kan fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdajì owó oṣù mi lọ n'Íbàdàn. Nígbà tó yá, ibi iṣẹ́ ní kí àwa kan máa lọ sílé. Mo di ẹrù mi, ó di Ìwéré-Ilé, lọ́dọ̀ màmá mi.

Oorun ò wá, àyà ń já, fóònù ò kúrò lọ́wọ́. Àwọn ẹbí sì ń sọ pé ká ta ilẹ̀ oko tí bàbá mi fi sílẹ̀, kí n fi owó rẹ̀ wá ọ̀nà ìlú òyìnbó. Wọ́n fẹ́ èsì kíákíá. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí a bá ti tà, ó ti lọ nìyẹn.

Fídíò kan tí mo gbà sórí fóònù nígbà tí mo lọ sí Ìsẹ́yìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Baduanjin ló ń kọ́ni, ìdárayá mẹ́jọ tó ti wà ní Ṣáínà fún ohun tó lé ní 800 ọdún. Irú rẹ̀ tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ibojì kan ní Mawangdui, tí wọ́n ti pa láti ọdún 168 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n rí aṣọ ṣẹ́dà kan tí wọ́n ya èèyàn 44 sí, tí wọ́n ń na ara.

Ẹ dìde ká jọ ṣe ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀, kó dúró dìgbà tó bá délé. Ẹ la ẹsẹ̀ tó ìwọ̀n èjìká. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀. Ẹ ki ìka ọwọ́ kan bọ àárín ìka èkejì níwájú ikùn. Bí ẹ ti ń fa afẹ́fẹ́ símú, ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí sánmà, bí ẹni tó ń gbé igbá ru ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ti ń mí síta, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yà sọ́tùn-ún sósì, kó sọ̀ kalẹ̀. Kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Màmá mi bá mi níbẹ̀ ní ìdájí, wọ́n ní, "Ta lò ń nawọ́ sí lókè yẹn?"

Mo ní, "Mo ń mí ni, Màámi."

"O ò ti ń mí tẹ́lẹ̀ ni?"

Kò sí idán nínú rẹ̀. Bí a bá fa afẹ́fẹ́ sínú, ọkàn á lù kíákíá díẹ̀. Bí a bá mí síta, á rọra. A ò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó má sáré, ṣùgbọ́n a lè darí èémí. Èémí ni ìjánu. Àwọn àgbà wa náà mọ̀ ọ́n: bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, wọ́n á mí kanlẹ̀ ná kí wọ́n tó dáhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu, bí àwọn kan ti ṣe ní Ṣáínà fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 1980 sí 1999. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má dá oògùn rẹ̀ dúró. Ẹni tí ayé sú, kó wá dókítà, kó sì sọ fún ẹni tó sún mọ́ ọn.

Qigong ò fún mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí pé jọ, mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Mo ṣírò owó ìrìn-àjò, iye tí wọ́n fẹ́ san lórí ilẹ̀, àti ohun tí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lè pa wọlé. Mo ní mi ò tà. Inú àbúrò bàbá mi ò tíì yọ́ sí mi tán. Ó ṣeé ṣe kí n ṣì rin ìrìn-àjò náà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjáyà ló máa gbé mi lọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó tan dátà, kí ẹ sì sọ fún wa bó ṣe rí. Ó dìgbà kan ná.