Ẹsẹ̀ Ọmọ Tó Yí Sínú

   Ẹni tó ń ka owó lọ́wọ́, kó kà á tán kó tó gbọ́ mi, kí ṣẹ́ńjì má baà ṣì.

Ẹsẹ̀ ọmọ tuntun la fẹ́ sọ lónìí. Bí wọ́n bá gbé ọmọ lé wa lọ́wọ́, ojú la kọ́kọ́ ń wò. A ní imú bàbá rẹ̀ rèé, a ní etí ìyá ìyá rẹ̀ rèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí wọn ni ẹsẹ̀ wọn ti yí: àtẹ́lẹsẹ̀ kọjú sínú, gìgísẹ̀ gòkè, ìka ẹsẹ̀ dorí kodò. Nínú carnet, pied bot ni wọ́n máa ń kọ. Bí a bá bí ẹgbẹ̀rún kan ọmọ, ó máa ń wà lára ọ̀kan tàbí méjì. Ó ń ṣe ọmọkùnrin tó ìlọ́po méjì ọmọbìnrin. Nínú ọmọ méjì tó ní in, ti ọ̀kan máa ń wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì.

Ẹ lè fi ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n. Ẹ rọra ti ẹsẹ̀ náà síta, kí ẹ sì gbé e sókè síhà ojúgun. Bó bá tẹ̀ lé ọwọ́ yín láìsí wàhálà, bí ọmọ ṣe ká sínú ilé ọlẹ̀ ló fà á, ó sábà máa ń nà fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ ṣì fi han nọ́ọ̀sì. Bó bá le, tí kò gbà, ìyẹn gan-an ni mò ń sọ. Ẹ má fi agbára tì í. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyá kọ́ ló fà á. Kì í ṣe pé ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ nígbà tó wà nínú oyún, kì í sì í ṣe ohun tó jẹ. Nígbà míì, ó máa ń wà nínú ẹbí, bàbá ní in, ọmọ náà ní in. Àwọn àgbà wa máa ń pe ọmọ tí ara rẹ̀ yàtọ̀ ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní Ọbàtálá ló mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ààbò ni wọ́n fi orúkọ yẹn ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọmọ ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé òrìṣà kan bínú nítorí pé ọmọ rí bàtà wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi, ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ ọ̀tún yí sínú. Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe, ojú sì ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ìyá, ẹ máa fi òrí ra á láàárọ̀ àti lálẹ́, bó bá ń rìn, á nà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́sàn-án, mo pàdé rẹ̀ lọ́jà. Ọmọkùnrin náà ń tẹ̀ lé e, ó gbé igbá lérí, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀. Awọ ibẹ̀ ti nípọn bíi ti gìgísẹ̀. Ìyá náà mọ̀ mí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo ra á o, mo ra á títí." Kò bínú sí mi. Ká ní ó bínú, ì bá sàn fún mi.

Kí ló dé tí òrí kò fi ṣe é? Iṣan tó wà nínú àti lẹ́yìn ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrú, ó sì le. Bí ẹ bá fà á, ó máa nà díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, ó ti padà. Ohun tí ọwọ́ bá rí gbà lónìí, nǹkan kan gbọ́dọ̀ dì í mú di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ignacio Ponseti ló fi ìyẹn ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1914 ní erékùṣù Menorca, lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Nígbà ogun abẹ́lé wọn, àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ ló ń tọ́jú. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ pàdánù, ó sá gba Faransé, ó dé Mẹ́síkò, ó sì wọ ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà ní 1941. Nílé ìwòsàn tó wà níbẹ̀, ó wo àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti kékeré nítorí ẹsẹ̀ yíyí. Ohun tó rí kò dùn mọ́ ọn nínú. Lóòótọ́ ẹsẹ̀ náà ti nà, ṣùgbọ́n ó gan, kò lágbára, ó sì ń dùn wọ́n. Ibi tí abẹ bá ti wọlé, àpá ń wà nínú bó ṣe ń wà níta, àpá kì í sì í tẹ̀ bí iṣan.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ tún ẹsẹ̀ ṣe ní díẹ̀díẹ̀, ó ń fi plâtre dì í. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àwọn dókítà ní 1963. Àwọn tó gbọ́ tirẹ̀ kò pọ̀. Abẹ làwọn tó kù ń mú fún ọgbọ̀n ọdún sí i. Ní 1995, àwọn dókítà méjì ní Iowa gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti wá 45 nínú àwọn ọmọ tó tọ́jú kàn, àwọn náà ti di àgbà, ó ti tó ọdún 34 ní ìpíndọ́gba tí wọ́n ti gba ìtọ́jú. Nínú ọgọ́rùn-ún, 78 ni ẹsẹ̀ wọn dára tàbí dára gan-an. Wọ́n wo àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò yí rí, 85 ni tiwọn. Ẹ rí i pé wọn ò jìnnà síra. Ẹ sì mọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri? Àwọn ìyá ni o. Àwọn òbí tí ọmọ wọn gba ìtọ́jú náà ló ń sọ fún ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí àwọn dókítà fi wá kọ́ ọ. Bàbá náà kú ní 2009, ẹni ọdún 95.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ó dára kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bí i. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà á rọra ti iwájú ẹsẹ̀ síta, á wá fi plâtre dì í láti ìka ẹsẹ̀ dé itan. Dé itan ni o. Èyí tó bá mọ sí orúnkún, ọmọ á bọ́ ọ. Márùn-ún sí méje ló sábà máa ń gbà. Gìgísẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn. Nínú ọmọ mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ló máa nílò kí wọ́n gé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Wọ́n á fi oògùn pa ibẹ̀ kó má dùn ún, ojú ọgbẹ́ náà kéré, kò sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é tán. Iṣan náà á tún so ara rẹ̀ pọ̀, á gùn ju ti tẹ́lẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí plâtre ìkẹyìn fi wà lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí plâtre bá wà lẹ́sẹ̀, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ara ọmọ. Ẹ máa wo ìka ẹsẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbọ́wọ́: àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà kíákíá. Bí ìka bá wú, bó bá tutù, bó bá dúdú ju ti èkejì lọ, bí ọmọ bá ń ké tí ọmú kò pa á lẹ́nu mọ́, tàbí tí ìka ń wọ inú plâtre lọ tí ẹ ò rí i mọ́, ẹ má dúró dọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Lóru pàápàá, ẹ wá zémidjan, kí ẹ máa lọ.

Ó wá ku bàtà. Ibí yìí ni mo ń bọ̀ látàárọ̀, torí ibẹ̀ la ti ń pàdánù ọmọ. Bàtà kékeré méjì ni, irin kan so wọ́n pọ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wákàtí 23 lóòjọ́ ni ọmọ á fi wọ̀ ọ́, wákàtí kan tó kù fún ìwẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà oorun nìkan, lóru àti lọ́sàn-án, títí ọmọ á fi pé ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́rin! Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ á ti nà, ọmọ á ti máa sáré kiri àgbàlá, àwọn aládùúgbò á ní kí lẹ tún ń dè é fún. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹsẹ̀ á padà yí. Àìwọ bàtà yìí ló ń dá ẹsẹ̀ padà jù.

Ìyá ọkọ kan gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó gbé irin náà dání. Ó ní, "Ṣé ẹrú lọmọ mi ni, tí ẹ fi de ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀?" Àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ní Kétu tí ogun Dànhọ̀mì fọ́ ní 1886, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyẹn. Mo ní kí màmá jókòó, mo gbé bàtà náà lé wọn lọ́wọ́, mo ní kí àwọn gan-an wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó rí i wọ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó kì í wọ bàtà náà fún ọmọ mọ́, màmá ni. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá gba bàtà, ẹ mú ìyá ọkọ yín dání, ẹ mú bàbá ọmọ náà dání.

Ẹ ó bi mí pé, "Báwo la ṣe máa pọ̀n ọ́n?" Òótọ́ ni, irin kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ gba ẹ̀gbẹ́ yín méjèèjì. Fún oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ gbé e mọ́ àyà, tàbí kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ. Mo mọ̀ pé ó le fún ẹni tó ń kiri ọjà. Oṣù mẹ́ta ni, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ lè pọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá lajú. Lálẹ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì, ọmọ á sunkún. Ẹ má torí ìyẹn bọ́ ọ. Àmọ́ bí ẹ bá rí egbò tàbí awọ tó bó, ẹ gbé e padà wá ká tún bàtà náà ṣe.

Mi ò ní parọ́ fún yín: bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ló yí, ẹsẹ̀ yẹn á kéré díẹ̀ sí èkejì, iṣan ojúgun rẹ̀ á sì tín-ín-rín díẹ̀ títí ayé. Kò ní kó má gba bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ọmọ míì á sì tún fẹ́ padà, á nílò plâtre sí i tàbí iṣẹ́ abẹ. Ọmọ tó ti ń rìn, tó ti dàgbà bíi ti ìyá ọjọ́ yẹn, ẹ gbé òun náà wá. Ó máa ń pẹ́ jù, abẹ sì lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ṣì lè dára ju bó ṣe wà lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá náà lọ́jọ́ tí mo pàdé rẹ̀, mo sì bá a kọ lẹ́tà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí yín ibi tí wọ́n ti ń ṣe é nítòsí, kí ẹ sì béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ, plâtre àti bàtà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní Uganda àti Malawi, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ni wọ́n kọ́ tí wọ́n ń ṣe é, nítorí náà ẹ má rò pé ìlú òyìnbó nìkan ni.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ètè tó là la máa sọ. Ẹni tí wọ́n ń sọmọ lórúkọ nílé rẹ̀ ní ọ̀la, ẹ bá mi tú aṣọ ọmọ náà, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.