Ìwúkàrà, Ọtí Bàbà àti Irun Àǹtí Mi

Nígbà tí àǹtí mi ní Ṣakí ń gba paclitaxel nítorí jẹjẹrẹ ọmú, gbogbo irun orí wọn re dànù. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé jẹjẹrẹ náà ti dé orí ni?" Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọtí bàbà dáhùn.

Ìwúkàrà ló ń mú ọtí bàbà hó. Ó máa ń hu èéhù bí iṣu. Èéhù náà á dàgbà, á sì já. Kó tó já, ó gbọ́dọ̀ gba krómósómù 16 tirẹ̀ pé. Àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tó ń jẹ́ microtubule ló ń pín in. Igun méjì ni wọ́n ti ń yọ. Wọ́n á di àdàkọ krómósómù kọ̀ọ̀kan mú, wọ́n á fà á lọ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìyá àti ọmọ lè ní ìpín kan náà.

Sẹ́ẹ̀lì tiwa náà ń lo irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Paclitaxel ló ń mú kí ọ̀pá ọ̀hún gan pa, kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ má lè pín mọ́. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì ìdí irun náà ń pín kíákíá, òun náà a máa fara gbá nínú rẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún àǹtí mi. Wọ́n ní, "Ṣé irun á tún hù?" Ó ti ń hù báyìí.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gba irú oògùn bẹ́ẹ̀.