Ọ̀rọ̀ Ìbọ̀wọ̀ fún Adájọ́ Kéba Mbaye àti Iṣẹ́ Rẹ̀ lórí Òfin tí ó Ré Kọjá Ibodè

Wọ́n fún wa láyè kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ yẹ ní ìrántí. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa retí pé ọmọ ìlú wa ni a ó dárúkọ. Rárá o. Kéba Mbaye ni orúkọ ẹni náà, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàlì, tí a bí ní ọdún 1924. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé kan ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, bóyá ọ̀pọ̀ wa sì ti ń kọjá níwájú rẹ̀ láìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Ìyá ń ra aṣọ ní Dántọ́kpà, ó ń tà á ní Èkó. Baba kọ́ ilé sí Àgbádárìgì, ó tún ní ilẹ̀ ní Kétu. Bí Ọlọ́run bá pe baba náà, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn: ta ni yóò jogún, òfin wo sì ni kí adájọ́ tẹ̀lé, ti Bẹ̀nẹ̀ ni tàbí ti Nàìjíríà?

Ẹ̀ka òfin kan wà tí ó ń dáhùn irú ìbéèrè yìí. Kì í ṣe òfin tí ìjọba fi ń bá ìjọba lò. Ti àwa aráàlú ni, nígbà tí ọ̀ràn wa bá ré kọjá ibodè. Ìlànà rẹ̀ kan tí ó ti pẹ́ ni pé òfin ibi tí ilé tàbí ilẹ̀ bá wà ni a fi ń pín in, ṣùgbọ́n ohun tí a lè gbé rìn, bí owó àti ọjà, sábà máa ń tẹ̀lé òfin ibi tí olóògbé fi ṣe ibùgbé. Nítorí náà olóògbé kan ṣoṣo lè ní òfin ogún méjì. Ẹ wo wàhálà tí opó tí kò mọ̀wé yóò bá pàdé!

Ní ti òwò, bákan náà ni. Lẹ́yìn òmìnira, púpọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí Faransé ṣàkóso rí ṣì ń lo òfin òwò àtijọ́ tí Faransé fi sílẹ̀. Àwọn kan tún un ṣe, àwọn mìíràn kò fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó ń tajà láti Kùtọnu lọ sí Dakar kò mọ òfin tí yóò bá lọ́hùn-ún.

Orí àga ìdájọ́ ni Mbaye ti mọ ọ̀ràn òfin. Ó ṣe olórí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Sẹ̀nẹ̀gàlì láti 1964 dé 1981, ó sì jókòó ní Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague láti 1982 dé 1991, títí ó fi di igbákejì ààrẹ ibẹ̀. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, ó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Ọjọ́ orí ìsinmi ni. Ọdún 1991 yẹn gan-an ni àwọn mínísítà ìnáwó àwọn orílẹ̀-èdè tí ń ná séfà gbé iṣẹ́ mìíràn lé e lọ́wọ́: kí ó wádìí bóyá wọ́n lè ní òfin òwò kan náà. Òun àti àwọn amòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè tẹ́wọ́ gba àbá náà ní Libreville ní oṣù kẹwàá 1992, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Port Louis ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 1993. Àdéhùn yìí ni ó bí ẹgbẹ́ tí a ń pè ní OHADA. Orílẹ̀-èdè 17 ni ó wà nínú rẹ̀ lónìí.

Ohun tí ó wù wá jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé òfin ti ń jiyàn lórí òfin tí a ó yàn láàrin méjì. Mbaye béèrè ìdí tí òfin náà kò fi lè jẹ́ ọ̀kan. Kùtọnu tiwa níbí ni wọ́n ti fọwọ́ sí òfin mẹ́ta àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 1997. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1998. Òfin wọ̀nyí lágbára ju òfin ilé lọ bí méjèèjì bá takora. Àwọn kan kùn pé èyí gba agbára lọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àti pé èdè Faransé nìkan ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sùn kejì yìí, a gbà pé ó tọ́. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí àdéhùn náà ní Quebec ní 2008 ni ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì, Pọtogí àti Sípáníìṣì kún un.

Ilé-Ẹjọ́ OHADA wà ní Àbíjáǹ. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn adájọ́ àti amòfin ní òfin náà, ERSUMA, Àjàṣẹ́ ni ó wà. Ilé tí a wí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣi wá gbọ́. Òwò ni OHADA ń bójú tó; kò dé ọ̀dọ̀ opó àti ogún. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ẹbí ọdún 2004 ni ó mú agbára òfin kúrò lọ́wọ́ àṣà àtijọ́, èyí tí ìjọba amúnisìn kọ sílẹ̀ ní 1931. Ẹni tí ó bá ní ilé lókè ibodè ṣì gbọ́dọ̀ wá amòfin níhà méjèèjì nígbà tí ó wà láàyè.

Nàìjíríà pẹ̀lú kò sí nínú OHADA, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọjà wa ń lọ jù. Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ Kùtọnu kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé Èkó. Ó di dandan kí a tún gbé e lọ síwájú ilé-ẹjọ́ ibẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà kò tíì lò. Nàìjíríà ti wọ inú àdéhùn New York ti 1958 lórí ìdájọ́ àwọn onílàjà láti ọdún 1970, Bẹ̀nẹ̀ wọ̀ ọ́ ní 1974. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn yín pé onílàjà ni yóò parí ìjà tí ó bá ṣẹlẹ̀, ìdájọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tí ó là láti gbà ṣiṣẹ́ ní Èkó àti ní Kùtọnu.

Ọjọ́ 11 oṣù kìíní 2007 ni Kéba Mbaye kú ní Dakar. A bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin pé kí ẹ jókòó ti àwọn ìyá wa lẹ́yìn ayẹyẹ yìí, kí ẹ bá wọn wo àwọn ìwé òwò wọn.